Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tulsa lọ́dún 1921

Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1921, ogunlọ́gọ̀ aláwọ̀ funfun ya wọ Greenwood, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú nílùú Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì dáná sun ilé tó lé ní 1,200. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, irọ́ sì ráyè gbilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọmọkùnrin dúdú kan tó kọ lu ọmọbìnrin òyìnbó ló fà á."
Irọ́. Dick Rowland, tó ń bá àwọn èèyàn dán bàtà, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó kọ lu Sarah Page nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì fagi lé e lọ́dún náà gan-an. Ohun tó dáná ìjà ni pé àwọn òyìnbó rọ́ lọ sílé ẹjọ́ láti yẹgi fún un láìgbẹ́jọ́, àwọn ọkùnrin dúdú, tí àwọn kan nínú wọn ti jagun fún Amẹ́ríkà rí, sì lọ dáàbò bò ó.

"Ìjà ìgboro lásán ni, tọ̀túntòsì ló jẹ̀bi."
Irọ́. Àwọn aláṣẹ ìlú sọ ọ̀pọ̀ òyìnbó di ọlọ́pàá onígbà díẹ̀, wọ́n sì fún àwọn kan ní ìbọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kó sí àhámọ́. Àfi kí òyìnbó kan dúró fún wọn kí wọ́n tó lè jáde. Kò sí òyìnbó kankan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi fún ìpànìyàn tàbí iná yẹn.

"Ọkọ̀ òfuurufú fò lórí Greenwood lásìkò ìkọlù náà."
Òótọ́. Agbẹjọ́rò B. C. Franklin, tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1931 pé òun rí ọkọ̀ òfuurufú tó ń yípo lókè, tí òrùlé sì ń jó látòkè wá sílẹ̀.

"Èèyàn 36 péré ló kú."
Iye tí ìjọba kà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé yóò tó 100 sí 300. Títí di ọdún àìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣì ń hú sàréè ní itẹ́ òkú Oaklawn, kí àwọn ẹbí lè mọ ibi tí èèyàn wọn wà.

"Iléeṣẹ́ adójútòfò san owó ohun tó jóná."
Irọ́. Wọ́n ní ìwé àdéhùn wọn kò kan ohun tó bá bàjẹ́ nínú rògbòdìyàn. Nítorí náà ni orúkọ tí wọ́n pe ìpakúpa yẹn, "rògbòdìyàn", fi ṣe pàtàkì: òun ni wọ́n fi du àwọn onílé lówó wọn.

"Látìgbà yẹn ni Greenwood ti parun."
Irọ́. Ìlú ṣòfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n tún ilé kọ́. Franklin, tó ń ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò lábẹ́ àgọ́, pe òfin náà lẹ́jọ́, ó sì borí. Nígbà tó fi máa di 1942, ilé okòwò aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ ti lé ní 200. Àmọ́ àwọn báńkì kì í fẹ́ yáni lówó kọ́lé nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wó ilé, tí wọ́n sì la òpópónà márosẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó ti tán."
Irọ́ tó burú jù nìyí. Lọ́dún 2024, Ìyá Viola Fletcher àti Ìyá Lessie Benningfield Randle, tí wọ́n ṣì wà láyé nígbà yẹn tí wọ́n sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Oklahoma. Ilé ẹjọ́ náà ní ẹjọ́ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó yẹ kí àwọn ọmọ jogún ti jóná, kò sì sẹ́ni tó san án padà. Ìyà tí ẹnì kan kò dáhùn fún, tí owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀ títí dòní, kò tíì di ìtàn.