Ilẹ̀ Ẹbí: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Tà Á?

Olùtọ́jú ni olórí ẹbí jẹ́ lórí ilẹ̀ ẹbí, kì í ṣe onílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó béèrè iye owó, kí ó kọ́kọ́ wádìí àwọn tí ó ni ín. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, tí aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan kò fọwọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé títà náà bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́. Bí àwọn aṣojú bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo pátápátá ni. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 fi ìdí èyí múlẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì tún fi ìyọ̀ǹda ìjọba kún un. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé lójú ẹlẹ́rìí, kí a tó ka owó.