Bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ilé ìwòsàn lè yí ìtọ́jú tí dókítà fún ọ padà

Aláìsàn méjì lè ní irú àìsàn kan náà, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, síbẹ̀ kí ìtọ́jú wọn má dọ́gba. Nígbà míì, kìí ṣe ìmọ̀ dókítà ló fà á, ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ni.

Ọ̀nà méjì, ewu méjì

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n sanwó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: àyẹ̀wò lówó tirẹ̀, abẹ́rẹ́ lówó tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni owó ń pọ̀ sí i. Ewu ibẹ̀ ni pé aláìsàn lè ṣe àyẹ̀wò tí kò nílò.

Èkejì ni capitation. Ilé ìwòsàn ń gba iye kan náà lóṣooṣù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tó forúkọsílẹ̀, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣe. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ná díẹ̀ ni èrè wọn ń pọ̀. Ewu tirẹ̀ ni pé wọ́n lè tètè dá aláìsàn padà sílé.

Nàìjíríà àti Ghana

Ètò adójútòfò ìlera Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, ń lo méjèèjì: capitation fún ilé ìwòsàn tí èèyàn kọ́kọ́ lọ, owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú àwọn dókítà àgbà. Lọ́dún 2025, àjọ NHIA kéde pé capitation yóò kúrò ní náírà 750 sí náírà 1,450 lóṣù.

Ghana gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2003. Nígbà tó di 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sanwó gẹ́gẹ́ bí irú àìsàn. Lọ́dún 2012, wọ́n dán capitation wò ní ẹkùn Ashanti. Àwọn olùtọ́jú yarí pé owó náà kò tó, ìjọba sì dá a dúró lọ́dún 2017.

Kí ni aláìsàn lè ṣe?

Èyí kò sọ pé dókítà ń ṣe màgòmágó. Ṣùgbọ́n o lè béèrè pé: "Kí ni àyẹ̀wò yìí máa sọ fún wa? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é?"

Bí o bá ń lo adójútòfò, tí ara kò sì yá, béèrè ìdí tí wọn kò fi gba kóòdù láti gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kìí ṣìnà.