Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Tú Afẹ́fẹ́ Taya Kí Wọ́n Tó Wọ Aṣálẹ̀?

Bí èèyàn bá gbọ́ pé jíìpù kan fẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á mà lágbára o! Lóòótọ́, jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí taya rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ò lè mú èèyàn dé ilé láyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣálẹ̀ Simpson ní ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2021, ìjọba South Australia sọ apá ńlá kan níbẹ̀ di Munga-Thirri–Simpson Desert National Park, ìyẹn ilẹ̀ ìpamọ́ bíi Old Oyo National Park tiwa níbí. Hẹ́kítà mílíọ̀nù 3.6 ni, ó tóbi ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ. Èdè àwọn Wangkangurru, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, ni Munga-Thirri. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ òkìtì iyanrìn ńláńlá. Òkìtì iyanrìn tó wà ní gbogbo aṣálẹ̀ náà ju 1,100 lọ, wọ́n tò lọ ní ìlà-ìlà. Wọ́n pupa bíi páànù tó ti dógùn-ún, nítorí irin tó wà lára iyanrìn náà ti dógùn-ún lóòótọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Big Red, nítòsí ìlú Birdsville, ga tó nǹkan bíi mítà 40.

Kí ọkọ̀ tó débẹ̀ rárá, àwọn Wangkangurru ti gbé inú aṣálẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ìran. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú iyanrìn, tí wọ́n ń pè ní mikiri, ni wọ́n fi ń rí omi. Ní 1962, Reg Sprigg, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, wa ọkọ̀ Nissan Patrol la aṣálẹ̀ náà já pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì. Àwọn ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ taya. Ẹ rántí òde ìnáwó tí òjò ti rọ̀ sí. Ẹni tó wọ bàtà gogoro á máa rì, ẹni tó wọ sílípáàsì pẹlẹbẹ á máa rìn lọ ní tiẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ wúwo bákan náà. Gogoro yẹn kó gbogbo ìwúwo ara sójú kan. Taya tó le koko máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iyanrìn. Lójú títì, taya jíìpù lè wà ní 35 psi. Tó bá di orí iyanrìn, àwọn awakọ̀ máa ń tú u wálẹ̀ sí bíi 16. Taya á tẹ́ sílẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ á pín káàkiri, ọkọ̀ ò sì ní rì. Físíìsì tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì náà nìyẹn! Tí wọ́n bá padà dé ojú títì, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ́ taya náà padà, torí taya tó rọ̀ máa ń gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́.

Ewu míì tún wà. Tí ẹ bá ń gun òkìtì, ẹ ò lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń gbé àsíá sórí ọ̀pá, kí orí rẹ̀ ga tó mítà 3.5 láti ilẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ ibi tí wọ́n dé lórí rédíò UHF, ìkànnì 10.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ti ọgbà náà pa. Ìgbà ooru tiwọn nìyẹn, ooru ibẹ̀ sì máa ń kọjá 40 °C. Láti Mount Dare dé Birdsville lé ní kìlómítà 500, kò sì sí ilé epo kankan láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀, iyanrìn máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ mu epo ju ti ojú títì lọ. Omi tó máa tó wọn, àti èyí tó máa ṣẹ́ kù bí wọ́n bá pẹ́ lọ́nà, ilé ni wọ́n ti ń gbé e.

Bí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Má kúrò nídìí rẹ̀. Ó ní ibòji, bàlúù sì tètè máa ń rí ọkọ̀ ju èèyàn lọ. Ní oṣù Kejìlá 1963, ìdílé kan tó jẹ́ èèyàn márùn-ún ṣìnà lójú Birdsville Track, tí kò jìnnà sí aṣálẹ̀ yìí. Epo tán. Wọ́n kúrò nídìí ọkọ̀. Gbogbo wọn ló kú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń sọ fún ẹnì kan nílé pé ọjọ́ báyìí la máa dé, kí wọ́n lè tètè wá wọn bí wọn ò bá dé.

Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí: bí ibi tí taya fi kan ilẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí bí ọkọ̀ ṣe ń tẹ iyanrìn mọ́lẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn yín, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club.