Àdìrẹ Nínú Kíláàsì: Bí Ọmọ Ṣe Ń Kọ́ Láti Tẹ̀lé Ìlànà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀wé nìkan ní í mú kí ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìwé ìdánwò lè sọ pé, 'Dáhùn ìbéèrè mẹ́ta péré. Ìbéèrè kìn-ín-ní jẹ́ dandan', kí ọmọ tí ó mọ̀wé dáadáa sì dáhùn mẹ́rin láìfọwọ́ kan ti kìn-ín-ní. Etí rẹ̀ kò di, ojú rẹ̀ kò sì fọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń gba àṣẹ tí ó ju ẹyọ kan lọ, kí a sì mú un ṣe ní ẹsẹẹsẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó yẹ láti fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, àdìrẹ oníko sì bá a mu púpọ̀. Orúkọ iṣẹ́ náà pàápàá ti sọ ìlànà rẹ̀: a ó dì í ná, kí a tó rẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá rẹ aṣọ kí ó tó dì í kò ṣe àdìrẹ. Aṣọ aró lásán ni ó ṣe.

Ìlànà mẹ́fà ni olùkọ́ lè kọ sára pátákó. Èkíní, fọ aṣọ òwú funfun kí ṣítáàṣì ara rẹ̀ lè kúrò, kí o sì sá a gbẹ. Èkejì, fi òkúta wẹ́wẹ́ sí abẹ́ aṣọ, kí o sì fi ìko dì í ní ọrùn pinpin. Ẹ̀kẹta, rẹ ẹ́ sínú omi lásán, kí o sì fún un. Ẹ̀kẹrin, tẹ̀ ẹ́ bọ inú aró, yọ ọ́, kí o nà án sí atẹ́gùn. Yóò jáde ní àwọ̀ ewé, yóò sì máa dúdú bọ̀ bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i. Má tún tẹ̀ ẹ́ bọ aró kí àwọ̀ ewé náà tó parẹ́. Ẹ̀karùn-ún, sá a títí yóò fi gbẹ. Ẹ̀kẹfà, tú ìko, kí o sì fi omi ṣan aṣọ náà.

Olùkọ́ fúnra rẹ̀, tàbí aláró àdúgbò, ni kí ó po aró. Kí ọmọdé má ṣe fọwọ́ kan sódà tí a fi ń po aró òde òní, nítorí ó ń bó ni lára.

Kíkọ sára pátákó nìkan kò tó. Kí olùkọ́ ka ìlànà náà, kí ó ṣe é lójú wọn, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ máa rò ó fún ara wọn ní méjì méjì, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan aṣọ. Níbi 'kí ó tó', 'lẹ́yìn tí' àti 'títí yóò fi' ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Ẹni tí ó gbọ́ 'Má tú u kí ó tó gbẹ' lè di 'tú u' mú, kí ó fi ìyókù sílẹ̀. Kí a fa ìlà sí abẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ kan bá sì kánjú, kí olùkọ́ má ṣe yára gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Bí ìko bá dẹ̀, aró yóò wọlé, òrùka funfun kò ní hàn. Bí a bá tú u ní tútù, aró yóò ṣàn bo ibi tí ó yẹ kí ó funfun. Kò sí pàṣán, kò sí èébú. Kí a kàn bi í pé, 'Ìlànà wo ni o fò?' Òun fúnra rẹ̀ yóò padà lọ ka pátákó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní eré ọmọdé. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, tí kò sì sí èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá nítòsí, ohun tí a ń pò fún un ni omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí. Ìyá tí ó bá ṣi iyọ̀ gbé fún ṣúgà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ tí ó fẹ́ gbà là.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, àwọn tí ń di ìko lónìí ni yóò di ìyá àti bàbá lọ́la. Aṣọ tí ó bàjẹ́ ní kíláàsì ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ kọ́ ọgbọ́n, kí wọ́n má baà lọ kọ́ ọ níbi tí àṣìṣe kò ti ní àtúnṣe.