Ìwé ilẹ̀ tí owó òǹtẹ̀ rẹ̀ kò pé: ẹ tètè tún un ṣe kí ẹ tó dé kóòtù

Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń tajà ní Dantokpa, ní Kútọnu, ló jẹ́ pé èrè ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kó sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Calavi, ní Sẹ̀mẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́. Ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní convention de vente, wà nínú àpótí nílé. Ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, wọ́n sì tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjà ilẹ̀ bá dé ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé owó ìjọba lórí ìwé náà kò pé, tàbí pé wọn kò san án rárá. Ohun tí ẹ lè ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́ la fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Owó wo là ń sọ?

Owó méjì ni. Àkọ́kọ́ ni droit de timbre, ìyẹn owó òǹtẹ̀ tí wọ́n ń san lórí bébà ìwé fúnra rẹ̀. Èkejì ni droit d'enregistrement, owó tí ìjọba ń gbà láti kọ àdéhùn náà sínú ìwé ńlá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ owó-orí, Direction Générale des Impôts, ló ń gba méjèèjì. Òfin owó-orí tó wà nílẹ̀ báyìí ni Loi 2021-15 ti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022.

Kí ló kan adájọ́ nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1798 ni ìjọba Faransé ti ṣòfin pé adájọ́ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ lórí ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ tó yẹ. Àwọn ìlú tí Faransé jọba lé lórí ló jogún ìlànà yìí, Benin náà kò sì yọ sílẹ̀. Èyí kò sọ pé ilẹ̀ tí ẹ rà kì í ṣe tiyín mọ́. Àdéhùn ẹ̀yin àti ẹni tó tà á ṣì wà. Àmọ́ ìwé tó yẹ kó gbẹnu sọ fún yín ni wọn kò ní gbà lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi san owó rẹ̀.

Ohun kejì tún wà tó lágbára ju ìyẹn lọ, ìyẹn ọjọ́ orí ìwé. Nínú Code civil tí Faransé fi sílẹ̀ fún wa, abala 1328, ìwé tí ẹni méjì kàn kọ láàárín ara wọn kò ní ọjọ́ tó dájú lójú ẹlòmíràn, àfi láti ọjọ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tàbí tí ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ti kú, tàbí tí ìwé ìjọba mìíràn ti mẹ́nu kàn án. Ká ní ìyá kan ra ilẹ̀ lọ́dún 2015, tó fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sílé. Lọ́dún 2018, ẹni tó ta ilẹ̀ náà tún un tà fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì mú ìwé tirẹ̀ lọ sí Impôts lóṣù kan náà. Ìyá wa ló kọ́kọ́ rà, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fi hàn pé kì í ṣe àná ni òun kọ ọdún 2015 sórí bébà?

Ẹ̀tàn iye owó kékeré

Àwọn kan wà tí wọ́n ra ilẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́jọ sẹ́fà, tí wọ́n kọ mílíọ̀nù méjì sínú ìwé kí owó ìjọba lè kéré. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìjọba lè tún iye náà gbé yẹ̀ wò, kó sì béèrè èyí tó kù pẹ̀lú owó ìtanràn. Èyí tó burú jù ni pé bí ilẹ̀ náà bá bọ́ lọ́wọ́ yín, tí adájọ́ ní kí ẹni tó tà á dá owó yín padà, mílíọ̀nù méjì tó wà nínú ìwé ni yóò ní òun gbà. Mílíọ̀nù mẹ́fà yòókù, ẹnu lásán ló kù tí ẹ lè fi sọ ọ́.

Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe

Ẹ kọ́kọ́ wá ojúlówó ìwé, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n kọ "Enregistré" sí i, pẹ̀lú ọjọ́, nọ́ńbà àti iye tí wọ́n gbà. Bí kò bá sí, tàbí tí owó náà kò pé, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì Impôts kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ ṣe régularisation. Wọn yóò ṣírò owó náà àti ìtanràn ìpẹ́. Ẹ gba quittance, kí ẹ sì so ó mọ́ ìwé náà. Ẹ má gbà fún alágbàṣe tó ní òun yóò bá yín kọ ìwé tuntun pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́. Ayédèrú nìyẹn, ẹ̀wọ̀n ló sì ń kó ni lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé e fún lọ́yà. Ẹjọ́ ilẹ̀ Kútọnu, Àjàṣẹ́, Calavi, Ouidah àti Sẹ̀mẹ̀ ti ní kóòtù tirẹ̀, Cour spéciale des affaires foncières, tí Loi 2022-16 ti ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 dá sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ní ilẹ̀ lókè ọ̀hún, ní Ògùn tàbí Èkó, òfin òǹtẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1939, ní abala 22, ní kí adájọ́ má gba ìwé tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò pé nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àfi bí ẹni tó ni ín bá san èyí tó kù pẹ̀lú ìtanràn. Òfin owó-orí tuntun ti ọdún 2025 ló rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Ní Íńdíà, òfin ti ọdún 1899 fàyè gba ìtanràn tó lè di ìlọ́po mẹ́wàá owó tó kù.

Ẹ rántí pé òǹtẹ̀ kì í sọ olè di onílẹ̀. Bí ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín kò bá ni ín, òǹtẹ̀ kò lè wò ó sàn. Ẹ lọ ṣèwádìí ní Agence Nationale du Domaine et du Foncier, kí ẹ sì máa lé titre foncier, nítorí òun ni ìwé tó lágbára jù lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wò lónìí, nígbà tí kò tíì sí ìjà.