Ọmọ tó ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ díje: ibo ni iṣẹ́ òbí wà?

Níbi ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé, àwọn òbí a máa pariwo létí omi: "Yára! Yára!" Ọmọ tó ti ki orí bọmi ò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún un nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń padà sílé ló máa ń gbọ́ yékéyéké, òun ló sì lè mú kó pa ìlúwẹ̀ẹ́ tì.

Ọmọ ọdún 12 méjì lè jọ díje, kí ọ̀kan ti ga bí àgbàlagbà, kí èkejì má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹni tí apá rẹ̀ gùn ni yóò kọ́kọ́ máa borí. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Bí wọ́n bá ń bàlágà, eré wọn lè dúró sójú kan fúngbà díẹ̀, kódà ó lè fà sẹ́yìn. Ọ̀lẹ kọ́ o.

Aago ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n máa wò. Ní Tokyo lọ́dún 2021, Abiola Ogunbanwo, ọmọ ọdún 17, fi ìṣẹ́jú àáyá 59.74 wẹ mítà 100. Kò bọ́ sí ìpele tó kàn, àmọ́ kò sí obìnrin Nàìjíríà tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ju apá, iṣẹ́ kóòṣì nìyẹn. Ti òbí ni oorun tó tó, oúnjẹ gidi, àti omi mímu, torí èèyàn máa ń làágùn nínú omi náà. Lójú ọ̀nà ilé, "Ṣé ebi ń pa ọ́?" ti tó.