Ìbéèrè oníbàárà ni kí ẹ fi kọ ìpolówó gààrí yín

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ta ọjà yín, ì báà jẹ́ ojú òpó tiyín, Facebook, tàbí kátálọ́ọ̀gù WhatsApp Business tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Gààrí la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta iṣu, àgbàdo tàbí epo pupa lè lò ó bákan náà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí a bá ti hú ẹ̀gẹ́, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ rin ín kíákíá, kí ẹ sì yan án. Láti ìgbà náà, owó yín ti wà nínú àpò gààrí nílẹ̀. Tó bá jẹ́ alájàpá kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ẹ ní gààrí, iye tó bá wù ú ló máa dá lé e. Tí èèyàn márùn-ún bá mọ̀, ẹ̀yin náà lè nájà.

Lọ́jà, oníbàárà á bu gààrí, á jù ú sẹ́nu, á gbọ́ bó ṣe ń rún, kó tó ná an. Ẹni tó ń wo fóònù ní Kánò tàbí Onitsha kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ló máa ṣe é fún un. “Ojúlówó gààrí wà, ẹ pè wá” kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí kò sẹ́ni tó ń ta gààrí tí kì í pè é ní ojúlówó.

Kí ni kí ẹ wá kọ? Ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà bá bi yín lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yẹn ni ìpolówó yín. Ẹ máa rí i pé mẹ́rin nínú wọn kì í yéé wáyé.

1. Irú gààrí wo ni?
Ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Yorùbá fẹ́ràn gààrí funfun tó kan, èyí tí wọ́n lè fi omi tútù mu. Ní Ẹdó, Delta àti ilẹ̀ Ìgbò, ọ̀pọ̀ ló ń wá èyí tí wọ́n fi epo pupa sí. Tí ẹ bá kọ “gààrí” lásán, ẹni tó wà ní Port Harcourt kò mọ èyí tó máa bá. Ẹ sọ bóyá epo wà níbẹ̀, iye ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ kó kan, àti bóyá ó kúná.

2. Báwo ni ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?
Kóńgò ni wọ́n ń lò ní Ìbàdàn, mudu ni ti Kánò, àwọn ará Port Harcourt sì ń lo derica àti ike páńtì. Báàgì pàápàá tóbi jura wọn lọ. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ kọ kílò. Kílò kan ní Ọ̀fà ni kílò kan ní Kánò.

3. Èló ni?
“Ẹ bọ́ sí inbox fún iye rẹ̀” máa ń lé oníbàárà lọ. Ẹ kọ iye, kí ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì sọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí iye bá yí padà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ yí i níbẹ̀. Ẹni tó rí iye ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó wá gbọ́ òmíràn lẹ́nu yín, á rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni.

4. Níbo ni ẹ wà, báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi?
Ẹ kọ ìlú, ìpínlẹ̀, gáréèjì tó sún mọ́ yín, nọ́ńbà tó ń wọlé, àti àkókò tí ẹ máa ń gbé ìpè. Tí ẹ bá gbọ́ Haúsá tàbí Píjìn, ẹ sọ ọ́. Tí oníbàárà yín bá wà níbi tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní èdè tiwọn náà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

“Gààrí funfun, kò lépo. Ọjọ́ mẹ́ta la fi í sílẹ̀ kó kan kí a tó yan án. Ó gbẹ dáadáa, ó sì kúná. Báàgì kílò 50: ₦______, títí di Sátidé yìí. Báàgì márùn-ún ló kéré jù tí a ń tà. Owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ pè wá láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: ______.”

Kò gùn, kò sí ariwo níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kà á lè pinnu.

Àwòrán ńkọ́? Gààrí tiyín gan-an ni kí ẹ yà, ní ojúmọmọ, kì í ṣe èyí tí ẹ rí níbòmíràn. Ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tó. Àwòrán tó wúwo ń jẹ dátà oníbàárà.

Ẹ má kọ ohun tí ẹ kò lè fi hàn. Tí ẹ bá fín oògùn apakòríko sóko ẹ̀gẹ́ yín, ẹ má kọ “kò ní kẹ́míkà”. Gààrí tí ẹ dì sínú ọ̀rá, tí ẹ lẹ orúkọ yín mọ́ lára, nílò nọ́ńbà NAFDAC. Tí ẹ bá ní in, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì ní in, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n sí i. Irọ́ lè ta báàgì kan, ṣùgbọ́n oníbàárà náà kò ní padà wá.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí: ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ yín ní fóònù, kó ka ohun tí ẹ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gba fóònù, kí ẹ bi í pé: kí ni à ń tà, èló ni, báwo ni èèyàn ṣe lè rí i rà? Èyí tí kò bá lè dáhùn ni kí ẹ tún kọ.

Ọjà á tà o.